Bàbá Awakọ̀ Dáhùn: Ta Ni Yóò Fún Ẹṣin Lómi Nínú Aṣálẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Ìkéré-Èkìtì, ẹni ọdún 63. Àbúrò mi obìnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, ó sì ti di ọmọ onílùú lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ta ilé, ó ra ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ṣe yàrá, ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ sínú rẹ̀, ó sì ń gbé inú rẹ̀ káàkiri. Ìdílé òyìnbó kan tó ní oko ẹran ní tòsí Ajo, ní Arizona, ń lọ sí ìrìn àjò láti àárín oṣù Karùn-ún di ìparí oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní kó wá bá àwọn ṣọ́ ilé: ẹṣin méjì, ewúrẹ́ mẹ́fà, ajá kan. Wọn ò ní fún un lówó, òun náà ò sì ní san owó ibùgbé. Ó ní kí n wá bá òun gbé ibẹ̀. Ó tún ní iṣẹ́ lè pe òun lọ sí Phoenix fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, pé èmi yóò kàn máa fún àwọn ẹran lóúnjẹ. Fisà mi ṣì wà láàyè. Ìyàwó mi ní èmi kọ́ ni yóò fi Ìkéré sílẹ̀ lọ ṣe ọdẹ ilé òyìnbó. Kí lẹ rí sí i?
— Tíṣà, Ìkéré-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ bá mi kí ìyàwó yín dáadáa, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ọdẹ ni wọ́n ń wá. Ẹni tó ní ọkọ̀ onílé ní ibi tó máa sùn, kò ní ibi tó máa gbé ọkọ̀ sí. Bó bá lọ sí ibùdó olówó, á sanwó lálaalẹ́. Bó bá wọ ilẹ̀ ìjọba nínú aṣálẹ̀, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibi, àmọ́ ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń gbà á láyè láàárín ọjọ́ 28, kò sì sí omi, kò sí iná, kò sí ibi tó máa da ìgbẹ́ sí. Ẹni tó ní oko ẹran ní gbogbo èyí, ṣùgbọ́n kò lè ti ilẹ̀kùn kó máa lọ bí ẹni tó ń gbé fúláàtì l'Ádó, torí ohun ẹlẹ́mìí wà nílé. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń pàdé nìyẹn. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ ṣe é lẹ́yìn tí mo fi tírélà sílẹ̀, ní apá Gila Bend, ìlú kan ní àríwá Ajo tí àbúrò yín ń wí. Ojú ọ̀nà Interstate 10, títì ńlá tó gba Arizona kọjá, ni mo ti jẹun kí n tó padà sí Ìfàkì, mo mọ ilẹ̀ yẹn ju bí mo ṣe mọ Ìlawẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ ò tíì bi àbúrò yín ni pé kí ló dé tó jẹ́ oṣù Karùn-ún sí Ìkẹjọ? Nígbà òtútù, aṣálẹ̀ Arizona kún fún ọkọ̀ onílé; àwọn arúgbó láti Kánádà àti àwọn ìpínlẹ̀ òkè á wá yá oòrùn, wọ́n á kún Quartzsite, ìlú kékeré kan níbẹ̀, bí ọjọ́ ọjà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹrin, gbogbo wọn ti ká ẹsẹ̀ ńlẹ̀, wọ́n ti sá lọ síbi tó tutù. Ẹni tó bá ń wá aṣọ́lé ní Ajo ní oṣù Karùn-ún, ooru lòun fúnra rẹ̀ ń sá fún. N ò bá a wí o. Ní 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀ léra wọn ni ooru Phoenix fi lé ní 43 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì tàbí kó bá a dọ́gba. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sábẹ́ igi ní oṣù Kejì ní Ìkéré tí ẹ máa ń sọ pé oòrùn yìí ò dáa, ẹ kò tíì rí nǹkan kan.

Nítorí náà, kí àbúrò yín má rò pé inú ọkọ̀ ni ẹ máa sùn. Láàárín ọ̀sán, ara ọkọ̀ gbóná débi pé ẹ ò ní lè fọwọ́ kàn án, AC orí rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, inú kò sì ní tutù tó. Okùn iná tí wọ́n sábà máa ń so mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti áńpìà 30 ní fóòltì 120, wáàtì 3,600 lápapọ̀ nìyẹn. AC kan ṣoṣo á fa bí 1,500 nínú rẹ̀. Ẹ tan AC, ẹ gbé omi gbígbóná kaná, ẹ tún tan máíkírówéèfù, iná á já. Fóòltì iná wọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ má gbé kẹ́tùlù Ìkéré lọ. Ilé ni kí ẹ sùn, kí onílé sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ lè tan AC ilé, pé òun ló máa sanwó iná. Mo ti rí ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ lórí bíìlì iná oṣù Keje láàárín àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́.

Wàyí o, iṣẹ́ náà gan-an. Ilé ò ní sá lọ. Ajá á ṣọ́ ara rẹ̀. Omi lẹ fẹ́ lọ ṣọ́.

Ẹṣin kan máa ń mu omi tó lítà 20 sí 40 lóòjọ́ nígbà tí ojú ọjọ́ bá dẹ̀, ó sì lè tó ìlọ́po méjì nígbà ooru. Omi yìí kì í ti odò wá. Ọ̀pọ̀ odò ibẹ̀, iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Inú ilẹ̀ jíjìn réré ni ẹ̀rọ kànga ti ń fà á sínú táǹkì ńlá, á ti inú táǹkì ṣàn wá sínú ọpọ́n ẹran, bọ́ọ̀lù kan báyìí, irú èyí tó wà nínú táǹkì ilé ìyàgbẹ́ yín, ló sì ń ṣí i tó ń pa á. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá há ní pípa, ọpọ́n á gbẹ. Bó bá há ní ṣíṣí, táǹkì á ṣàn tán sílẹ̀ mọ́jú, ẹ̀rọ sì lè máa ṣiṣẹ́ láìsinmi títí tó fi máa jóná. Nínú ooru 43, ẹran tí kò rí omi mu láti òwúrọ̀ lè wà nínú ewu ńlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ̀yin tàbí àbúrò yín ti ọwọ́ bọ ọpọ́n, kí ẹ tẹ bọ́ọ̀lù náà rì, kí ẹ dúró gbọ́ bí omi ṣe ń ya wọlé kí ẹ tó jù ú sílẹ̀. Ẹ má ti ojú fèrèsé wò ó. Ojú fèrèsé kì í fi ọpọ́n gbígbẹ hàn yàtọ̀.

Kí onílé tó lọ, kí ó mú yín rìn gbogbo páìpù náà láti orísun dé òpin, kí ẹ fi fóònù ya á. Ibo ni wọ́n ti ń pa ẹ̀rọ? Bí iná bá lọ ńkọ́, torí pé iná ló ń fa omi, ìjì oṣù Keje sì máa ń ba wáyà jẹ́? Omi inú táǹkì á tó ọjọ́ mélòó láìsí iná? Aládùúgbò wo ló ní ọkọ̀ tó lè fi gbé omi wá? Bí onílé bá ń kánjú lórí ìbéèrè wọ̀nyí, tó kàn ń fi àwọn pálọ̀ hàn yín, kí àbúrò yín kọ̀ ọ́.

Nípa ẹṣin, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ fi sọ́kàn: ẹṣin kò lè bì. Ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀nà kan ló kù fún un. Bí ẹ bá rí i tó ń wo ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ walẹ̀, tó ń dùbúlẹ̀ tó ń yí, tí kò jẹun, tí kò sì yàgbẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo. Dókítà ẹran lẹ máa pè lójú ẹsẹ̀. Kí onílé ti fi ìwé sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà náà pé àbúrò yín lè pàṣẹ ìtọ́jú, kó sì kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Láìsí ìwé yẹn, ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀ láago méjì òru tí ẹ máa pe ẹni tó wà nínú bàálù.

Géètì: èyí tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í, èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ní Èkìtì ní òfin láti 2016 tó dá àkókò àti ibi tí ẹran lè jẹko sí. Lọ́pọ̀ ìgbèríko Arizona, òdìkejì ni wọ́n ń ṣe: ẹni tí kò fẹ́ kí màlúù wọ ilẹ̀ òun ni yóò fi wáyà yí ilẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ lè jí kí ẹ bá màlúù olómìíràn lẹ́nu ọpọ́n yín. Ẹ má fi òkò lé e. Ẹ pe aládùúgbò. Bí ẹ bá sì wà lójú ọ̀nà lálẹ́, ẹ rọra, torí màlúù dúdú lórí ọ̀dà dúdú, àyàfi ojú rẹ̀ ló máa tàn.

Láti 15 oṣù Kẹfà ni wọ́n ti ń ka àsìkò òjò wọn títí di 30 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ má rò pé òjò Èkìtì ni. Ìjì eruku ló sábà máa ń ṣáájú, ògiri eruku tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ. Bó bá bá yín nínú ọkọ̀, ẹ yà kúrò lójú títì pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kí iná ẹ̀yìn má baà tàn. Ẹni tó tan iná dúró lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé ojú ọ̀nà ló wà, wọ́n á tẹ̀ lé iná náà, wọ́n á sì kọlù ú. Mo rí èyí lójú ọ̀nà láàárín Phoenix àti Tucson, n kò fẹ́ ròyìn rẹ̀. Ní ti òjò, ó lè rọ̀ lórí òkè tí ẹ kò rí, kí omi ya dé inú odò gbígbẹ tó gba iwájú ilé yín kọjá nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí yín. Bí wọ́n bá ti gbé igi dínà, ẹ má kọjá. Òfin Arizona sọ pé ẹni tó bá wọ omi lẹ́yìn igi ìdínà lè san owó àwọn tó wá yọ ọ́, tó dọ́là 2,000.

Ejò kan wà níbẹ̀ tó máa ń mì ìrù kó dún bí ṣẹ́kẹ́rẹ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì dání lálẹ́, ẹ wọ bàtà, ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi tí ẹ kò rí. Bó bá bù yín ṣán, ẹ má gé e, ẹ má dè é, ọsibítù ni. Oògùn ejò níbẹ̀ lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là, nítorí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò kí ẹ tó wọ bàálù. Eku kan sì wà tó máa ń kó igi àti ẹ̀gún jọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, á sì gé wáyà ọkọ̀ jẹ. Àbúrò yín á ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má rò pé òkété ni.

Èyí tó kàn yín ju ejò lọ ni eruku. Àrùn kan wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Valley fever. Irú olú kan tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Ìjì á gbé e dìde, èèyàn á sì fà á símú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ pé ó kọjá lára àwọn. Ẹlòmíì á wúkọ́, ibà á mú un, á rẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ó máa ń le jù lára àwa aláwọ̀ dúdú, àti lára ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tàbí tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Bí ẹ bá padà dé Ìkéré tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, dókítà á ronú kan ibà ẹ̀fọn tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò sì ní mọ̀ láti bi yín léèrè Arizona. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì, kí ìyàwó yín má fòyà.

Ó ku fisà. Ti àbẹ̀wò lẹ ní, kò sì gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́. Ẹ máa sọ pé ẹ kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń bọ́ ẹran onílé nítorí ibi tí ẹ ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ibodè lè kà á sí iṣẹ́, kó sì dá yín padà láti pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí arìnrìn-àjò tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà pàápàá. Láti 2025 sì ni wọ́n ti ń mú ìlànà fisà le sí i fún àwa gan-an, ẹ wádìí bí ó ṣe rí lónìí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. N ò ní kọ́ yín ní irọ́ tí ẹ máa pa ní kaúńtà. Àbúrò yín ni kó fọwọ́ sí ìwé, òun ni kó ni iṣẹ́ náà. Àbúrò lẹ fẹ́ lọ kí, òótọ́ sì ni ìyẹn gbọ́dọ̀ jẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé Ajo, ẹ máa mú páálí, ìwé ìrìnnà yín, rìn. Àwọn aṣọ́bodè ní ibi àyẹ̀wò lójú ọ̀nà 85 láàárín Ajo àti Gila Bend, wọn kì í gbọ́ pé ó wà nílé.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí rèé. Bí ìwé yín bá pé, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fẹ́ fi yín sílẹ̀ níbẹ̀ ní ẹ̀yin nìkan yẹn, rárá. Láìka ti fisà, ẹni ọdún 63 tí kò mọ ẹ̀rọ omi, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ kankan, níbi tí fóònù lè má gbà, nínú oṣù Keje! Bí Phoenix bá pe àbúrò yín, kí onílé wá ẹlòmíì, kí ẹ̀yin sì bá a lọ sí Phoenix. Kí àbúrò yín sọ ọ́ fún onílé nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ìpè bá dé.

Bí ẹ bá lọ, ẹ máa gbádùn rẹ̀ o, n ò fẹ́ dẹ́rù bà yín títí kó má dùn. Wákàtí mẹ́jọ ló wà láàárín yín àti Ìkéré, kì í yí padà nítorí Arizona kì í sún aago síwájú sẹ́yìn bí àwọn yòókù. Ẹ pe ìyàwó yín ní agogo mẹ́fà àárọ̀, wọ́n á ti wà ní agogo méjì ọ̀sán. Ní oṣù Kẹfà, èso cactus ńlá tí wọ́n ń pè ní saguaro á pọ́n, àwọn Tohono O'odham tó ni ilẹ̀ yẹn kí òyìnbó tó dé á fi ọ̀pá gígùn ká a, wọ́n á sè é títí tó fi máa ki bí oyin. Bí wọ́n bá fún yín, ẹ gbà. Ẹran gbígbẹ má wọ báàgì yín, ì báà jẹ́ pọ̀nmọ́. Gààrí àti èlùbọ́ kò léwu, ṣùgbọ́n ẹ sọ pé ẹ gbé e. Ní ti iyán, mo mọ̀ pé ọmọ Ìkéré ni yín. Ìyá àwọn ọmọ gún un ní ìta, lẹ́bàá ọkọ̀, agogo márùn-ún ìdájí, ajá onílé sì gbó títí tó fi sú u.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú làákàyè. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́. Lábúlé wa, ilé ńlá àwọn tó wà lókè òkun á ṣófo láti Kérésì dé Kérésì. Ṣé mo lè sọ ìṣọ́lé di iṣẹ́ ní Èkìtì níbí?
— Ọmọbìnrin, Ọ̀yẹ́-Èkìtì

ÌDÁHÙN: O lè ṣe é, ọmọ mi, àmọ́ má gbé inú ilé náà. Lọ́hùn-ún, alejò pátápátá ló dára jù láti ṣọ́lé. Níbí, àbúrò onílé tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, ọjọ́ tí o bá sì tẹ́ ẹní síbẹ̀ ni wọn á sọ pé o fẹ́ gba ilé. Jẹ́ kí onílé fi tó olórí ẹbí létí níṣojú rẹ, kí ẹ kọ ìwé, kó sì máa sanwó fún ọ lórí àbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ ṣí fèrèsé, tan ẹ̀rọ omi kó má baà dípẹtà, wo àjà lẹ́yìn òjò, wo ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn nítorí ikán, gé koríko, ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́. Owó tí o fi ra iná sí mítà, fi rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Má gba owó ilé kíkọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ti wù kí wọ́n bẹ̀ ọ́ tó. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, ó sì ti ba ẹbí púpọ̀ jẹ́ ní Èkìtì yìí.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Awakọ̀, mo ní bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan. Mo fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ onílé kí n lè máa sùn sí oko kòkó mi nígbà ìkórè. Wẹ́dà fẹ́ gbé táǹkì omi oní-lítà 1,000 sórí rẹ̀.
— Àgbẹ̀, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Lítà omi kan, kílò kan. Tọ́ọ̀nù kan ló fẹ́ gbé sórí yín yẹn, ní ọ̀nà oko Ìjerò. Ní kọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ lẹ máa dojú dé. Lítà 100 tó yín, kí ó wà nílẹ̀ láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn. Kí sílíńdà gáàsì wà níta, kí fèrèsé méjì máa ṣí, kí ẹ má sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, èéfín rẹ̀ ń pani láìjí lójú oorun. Bí wẹ́dà bá ṣì tẹnu mọ́ òrùlé, ẹ wá wẹ́dà míì.